Ìjì Tí Kò Jà

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì mú báírò pupa jáde. Mo mọ̀ pé ohun tí ojú yín máa kọ́kọ́ wá nínú lẹ́tà yìí ni àmì ohùn tí mo fò. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ìwé tí a ń gbé, dandan ni kí n máa kọ lẹ́tà sí yín ní Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ẹ ó dá a padà fún mi, báírò pupa á kún ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n pa adìyẹ lé e lórí. Ẹ ò fẹ́ kí ọmọ tí ẹ bí sí Port Harcourt, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ikwerre, gbọ́ Pidgin tán kó má gbọ́ èdè bàbá rẹ̀. Lẹ́nu, Dádì ni mo ń pè yín. Nínú lẹ́tà, Bàámi ni. Òfin yín nìyẹn, mo ṣì ń pa á mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni mo ń kọ eléyìí, lẹ́yìnkùlé wa ní Elelenwo, lórí bẹ́ǹṣì yín. Àwo tánganran yín wà níwájú mi lórí òpó rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti da ọkà bàbà sí i, tí mo fi ṣíbí lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ológoṣẹ́ mẹ́ta wá, wọ́n ṣa díẹ̀, wọ́n fò lọ. Látìgbà náà, èmi àti alángbá kan là ń wo ara wa. Lọ́la la máa ṣe ìdúpẹ́ ọdún kan tí ẹ ti lọ. Mọ́mì ń lọ aṣọ funfun wọn nínú ilé, mo ń gbọ́ orin wọn láti ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, torí ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ falẹ̀ díẹ̀ ná. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ fẹ̀yìn tì ní Onne? Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí ẹ fi ń ka ẹrù tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, àyà èmi àti Mọ́mì já pé ìjókòó lásán á pa yín. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ fi ri òpó irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí ẹ sì so àwo kan mọ́ ọn lórí, àwo elétí búlúù tí Mọ́mì ti ń wá káàkiri ilé ìdáná. Ẹ fi gírísì tí ẹ gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ pa òpó náà lára kí eku àti èèrà má lè gùn ún. Ó ṣì ku díẹ̀ nínú agolo gírísì yẹn. Mo ń ṣún un lò.

Ológoṣẹ́ ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn wọn ni àdàbà méjì tí kì í ya ara wọn. Lẹ́yìn náà ni àdàbà kẹta tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ká, tí ẹ sọ ní Kánsílọ̀, nítorí kì í yọjú àfi tí oúnjẹ bá ti délẹ̀, bó bá sì ti yó, ó di ìgbà. Ẹ̀rín tí ẹ rín lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́ lórúkọ yẹn! Omi jáde lójú yín. Ṣùgbọ́n àwọn ààyò yín ni àwọn ẹ̀gà, àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè olórí dúdú tí wọ́n kọ́lé sórí ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ògiri. Ilé wọn lé ní ogún lórí ọ̀pẹ kan ṣoṣo yẹn, wọ́n so rọ̀ bí agbọ̀n kéékèèké. Tí ṣíbí bá ti dún lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ya bo àwo, ariwo á sọ. Ẹ ó jókòó síbí pẹ̀lú jọ́tà kékeré yín lórí orúnkún, ẹ ó máa kà wọ́n bí ẹ ṣe ń ka àpò sìmẹ́ǹtì ní Onne.

Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè yín ní Papa Bird. Ẹ̀yin ń dá wọn lóhùn tayọ̀tayọ̀. Èmi, ojú ń tì mí.

Ìtàn kan wà tí ẹ kì í sọ tán. Lọ́mọdé yín, lábúlé lẹ́bàá Iléṣà, ẹ̀yin ni wọ́n fi ń ṣọ́ oko ìrẹsì, kànnàkànnà lọ́wọ́ yín, ẹ̀gà ẹyọ kan ò sì gbọdọ̀ bà níbẹ̀. Ẹ pa wọ́n títí, ẹ sun wọ́n jẹ. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ débẹ̀, ẹ ó tún bu ọkà sí àwo. Ṣé torí ohun tí ẹ ṣe nígbà náà lẹ ṣe ń bọ́ wọn lọ́jọ́ alẹ́ yín? Mi ò bi yín rí. Mo rò pé àkókò ṣì wà.

Nígbà tí èéfín dúdú àwọn tó ń fọ epo nínú igbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé ìlú lórí, tí aṣọ funfun tí a sá á ti dúdú kó tó gbẹ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ wa ń dúdú nínú ilé tí a ti nù, àwo ẹyẹ lẹ kọ́kọ́ máa ń nù láràárọ̀ kí ẹ tó bọ́jú ara yín. Ẹ ń pààrọ̀ omi wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Inú bí mi nígbà náà, kí n má tàn yín. Mọ́mì ń wúkọ́, èmi ń wúkọ́, ẹ̀yin wá ń dààmú nípa ihò imú ẹyẹ.

Kí n má parọ́ mọ́: mi ò fẹ́ràn àwọn ẹ̀gà yẹn. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ni mò ń jí ní ìdájí lọ sí báńkì. Sátidé nìkan ni mo ní láti sùn, ẹ̀gà ò sì mọ Sátidé. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ dáadáa, wótowòto, wótowòto lójú fèrèsé mi. Wọ́n yàgbẹ́ sórí ọkọ̀ mi, wọ́n yàgbẹ́ sórí aṣọ mi. Mo ráhùn, mo kùn, mo bú wọn. Ẹ̀yin a kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó lọ fa omi, ẹ ó fọ ọkọ̀ náà fún mi, ẹ̀yin àgbàlagbà. Báwo ni mo ṣe jókòó tí mo jẹ́ kí ẹ máa fọ̀ ọ́?

Mo ti débẹ̀ wàyí.

Nígbà tí ọkàn yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ lò ní ọsibítù. Mọ́mì ló ń sùn tì yín, èmi ni mo wà nílé. Dókítà fẹ́ kí ẹ sinmi níbi tó bá pa rọ́rọ́ tí ẹ bá délé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbá mú. Mo gba Eliozu lọ, mo mú ọkùnrin méjì tó ń gé igi wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ayùn wọn, mo sì fi ọ̀pẹ hàn wọ́n. Ìsinmi yín ni mo fi bojú o. Oorun Sátidé mi àti orí ọkọ̀ mi ni mò ń gbèjà.

Iṣẹ́ náà ò gbà wọ́n lákòókò. Ọ̀pẹ wó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ilé ẹ̀gà fọ́n ká gbogbo àgbàlá. Bàámi, ọmọ wà nínú wọn. Mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò mọ̀ pé ọmọ wà nínú wọn. Àwọn ọmọ tí kò tíì hu ìyẹ́, tí ojú wọn ò tíì là, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀ gbàgà. Mo ṣa wọ́n sínú páálí bàtà, mo rẹ gààrí, mo ń tọ́ ọ sí wọn lẹ́nu. Gààrí! Èmi tí mo gbé nínú ilé yín ju ọgbọ̀n ọdún lọ, mi ò mọ ohun tí ọmọ ẹ̀gà ń jẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò ku ẹyọ kan. Àwọn ìyá wọn ń fò yí ojú ibi tí ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀ po, wọ́n ń ké, wọn ò rí ibi bà sí. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lọ. Ẹ̀yìnkùlé wá pa rọ́rọ́, bí dókítà ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Ojora mú mi. Mo ní kí wọ́n gé kùkùté rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ́pẹ́, mo pe bíríkìlà kó fi sìmẹ́ǹtì bò ó, mo gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí. Mo wá pe Mọ́mì lórí fóònù pé ìjì jà, ó sì wó ọ̀pẹ. Ìjì wo ló ń po sìmẹ́ǹtì, Bàámi? Irú irọ́ òmùgọ̀ wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń sùn lórí àga ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í wádìí ọ̀rọ̀. Mọ́mì gbà á. Kì í tiẹ̀ ṣe pé wọ́n gbà á nìkan, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu.

Fúráìdè tí a gbé yín dé, ẹ ò wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé lẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ di èjìká mi mú. Ẹ gbójú sókè sí ibi tó ṣófo. Mo sáré da ìtàn ìjì sílẹ̀, mo tiẹ̀ fi àrá kún un. Ẹ wò mí. Ẹ wo ìkòkò òdòdó. Ẹ wá rọra jókòó, ẹ mú ṣíbí, ẹ lu àwo lẹ́ẹ̀mẹta. Kánsílọ̀ nìkan ló wá.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ẹ mọ̀ wọ́n, tí wọ́n bá ti di makirofóònù mú, ó di kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ròyìn ìjì tí wọn ò rí. Wọ́n ròyìn bí ọ̀pẹ ṣe ń bọ̀ wá sórí òrùlé, tí ọwọ́ kan sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò kan bíríkì kan. Ìjọ hó yèè. Orin sọ. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n, ẹ dìde lórí àga, ẹ jó. Mo ń wò yín láti ẹ̀yìn, mo rò pé ayọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré lẹ tún lò pẹ̀lú wa. Láràárọ̀ ni ṣíbí ń dún. Ẹ̀gà ò wá. Ẹ fi wọ́n sínú àdúrà òwúrọ̀, pé kí Olúwa fi ọ̀pẹ mìíràn hàn wọ́n níbi tí ọwọ́ ò ti ní tó wọn. Èmi tí mo lé wọn lọ ni mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mo ń ṣe àmín.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ lọ, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá yín níbí. Ẹ sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. A jókòó pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́nà ọ̀fun mi, Bàámi, ó ti dé ẹ̀yìn eyín. Fóònù mi ló dún. Oníbàárà kan ni, ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí. Mo dìde lọ gbé e. Nígbà tí mo padà dé, ẹ ti wọlé lọ sùn. Láàárọ̀, igbe Mọ́mì ló jí mi.

A gbé yín lọ sí Iléṣà bí ẹ ṣe fẹ́. Gbogbo ènìyàn kí mi kú ìtọ́jú. Mo gbà á.

Nínú ọ̀sẹ̀ yìí, Mọ́mì ní kí n wá fọ́tò yín tí wọ́n máa tẹ̀ sára ìwé ètò. Mo ṣí àpótí yín, mo bá jọ́tà. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan. Ológoṣẹ́, àdàbà, ẹ̀gà, ẹ fa ìlà mẹ́rin, ẹ fi ìkarùn-ún dábùú wọn, bí ẹ ṣe ń ṣe ní Onne. Mo ń ṣí i lọ, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, títí mo fi dé Fúráìdè tí ẹ ti ọsibítù dé. Ohun tí ẹ kọ kò ju èyí lọ: *Àdàbà, ọ̀kan. Ẹ̀gà, kò sí. Ọ̀pẹ, wọ́n gé e.*

Ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ti mọ̀.

Mo ṣí Sọ́ńdè ọjọ́ ẹ̀rí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: *Mo jó.* Bàámi, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti bá ọ̀gá yín parọ́ àpò ẹrù kan ṣoṣo ní Onne, ẹ dìde níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn, ẹ jó fún ìjì tí kò jà, kí ojú má bàa ti ìyàwó yín, kí àṣírí ọmọ yín má bàa tú. Pẹ̀lú ọkàn tó ń ṣàìsàn. Ta ló rán yín? Kí ló dé tí ẹ ò gbá mi létí?

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni ò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ tí fóònù mi dún ni. Ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n àmì ohùn ò yẹ̀ níbì kankan: *Ẹ̀gà, kò sí. Ó wá jókòó tì mí. Kò tíì sọ.*

Ṣé ẹ̀ ń dúró dè mí ni? Ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe ń jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ? Bí mo bá sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣé ara á tù yín díẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi báírò pupa kọ ọ́.

Mọ́mì fẹ́ tún ẹ̀rí náà jẹ́ lọ́la. Ìyẹn ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò rẹ̀ nídìí aṣọ lílọ̀ báyìí. Ìjì náà ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, áńgẹ́lì ti di méjì. Ẹ̀yin lè jó o, Bàámi. Èmi ò lè jó o. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá, tèmi ò sì tíì pé ọdún méjì tí mi ò fi lè mí mọ́. Mo ń gbé jọ́tà yín wọlé lọ bá wọn. Ẹ dúró dè mí.

Mo ti padà dé.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàwàdà. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n pa iná rẹ̀. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ọ̀pẹ, àwọn ọmọ ẹyẹ, gààrí, sìmẹ́ǹtì. *Chai* kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò ju pé bóyá ẹ mọ̀. Mo na jọ́tà sí wọn. Ẹ mọ̀ pé Mọ́mì ò lè ka Yorùbá, èmi náà ni mo gbọ́dọ̀ kà á, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Pidgin fún wọn. *Dem cut am.* *I dance.* Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i kà. *She come sidon with me. She never talk am.*

Mi ò rí Mọ́mì kí wọ́n sunkún báyẹn rí, kódà ní Iléṣà. Wọn ò bú mi. Wọn ò dárí jì mí náà, kí n má tàn yín. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láìwọ bàtà, wọ́n gbé ìkòkò òdòdó kúrò fúnra wọn, wọ́n sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo sìmẹ́ǹtì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó wá jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Àyè yín wà láàárín wa báyìí tí mo ń kọ èyí. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú ṣíbí, wọ́n lu àwo yín lẹ́ẹ̀mẹta.

Kánsílọ̀ ti dé, Bàámi. Ó ti gbó, ó ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ojú oúnjẹ. Mo ti ṣí jọ́tà sí ojú ewé tó tẹ̀ lé ti yín. Mo fa ìlà bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀.

*Ológoṣẹ́, mẹ́ta. Àdàbà, ọ̀kan. Ẹ̀gà, kò sí.*

*Mo ti sọ.*

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ sún fún lórí bẹ́ǹṣì, tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ jù.